Jíìpù Tí Wọ́n Kẹ́ Títí Tí Kò Lè Mí Mọ́

Tí ẹ bá kọjá nílé Pà Osaretin ní Ugbor, nílùú Benin, ní aago mẹ́fà àárọ̀, lọ́dún 2013, ohùn méjì lẹ máa gbọ́. Àkọ́kọ́ ni orin ìsìn àárọ̀ ti ìdílé Akínfẹ́mi, àwọn ayálégbé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Èkejì ni ẹ́ńjìnì jíìpù wọn, tó ń kùn lábẹ́ fèrèsé láti ìgbà tí wọ́n bá ti dá orin títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Wọ́n ní kí ẹ́ńjìnì lè gbóná dáadáa ni. Bí àdúrà bá gùn, ẹ́ńjìnì náà á bá wọn dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣe àmín.

Ẹ̀yin náà ẹ bi mí pé ìrìn-àjò wo ni wọ́n ń mú un gbóná fún. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni jíìpù náà kì í kúrò lójú kan. Wọ́n á pa á, wọ́n á nù ún, wọ́n á da aṣọ bò ó, ó di ọ̀la.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́mi ló ni ọkọ̀. Bàbá Ẹniọlá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, ó sì jẹ́ èèyàn tó fẹ́ràn kó máa bo nǹkan. Rédíò rẹ̀ ní aṣọ tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀, àga pálọ̀ ní tirẹ̀, kódà rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wà nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi rọ́bà so lẹ́nu. Ó ní nǹkan tí èèyàn bá bò ló ń pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ wá ro bó ṣe máa rí nígbà tí Ẹniọlá, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Jámánì, fi jíìpù tó ń lo dísẹ̀lì ránṣẹ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún náà. Kì í ṣe ọkọ̀ tuntun, àmọ́ ó mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, Ẹniọlá pè é lórí fóònù.

"Dádì, mo fẹ́ kí ẹ máa fi gbé iṣu màámi láti Ifọ́n o," ni ọmọ náà wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa há mọ́ inú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú iṣu mọ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Bàbá Ẹniọlá ní òun ti gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, tó wo jíìpù tó ń dán yanran nínú oòrùn, tó wá ro iṣu, tó ro iyẹ̀pẹ̀ ara iṣu, ọ̀rọ̀ náà kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó gbé e mì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ni ọmọ wí, ó ní ọmọ ní kí òun kí i.

Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀ yìí, ń ta iṣu ní ọjà Oliha. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kó ọjà ní Ifọ́n, á fún ara rẹ̀ mọ́ àárín àpò, á sì dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro ó. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló rọra bi ọkọ rẹ̀ bóyá jíìpù lè bá òun gbé ogún iṣu péré. Bàbá Ẹniọlá wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n lọ fi bẹ́ẹ̀dì dáná. Obìnrin náà kò bi í mọ́.

Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi bo àga ọkọ̀ láti òkè òkun, kò ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á bọ́ bàtà. Ibi mẹ́ta péré ni ọkọ̀ ń lọ: ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lóṣooṣù, àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Kò sí ibi tó ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú wọn. Jíà kejì ni bàbá máa ń wà, kì í sì í kọjá ogójì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ Sunday kan, ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke lé wọn bá láti ẹ̀yìn, ó ya wọ́n sílẹ̀, ó yíjú padà kí wọn lédè Ẹ̀dó pé "Kóyo", ó sì bá tirẹ̀ lọ. Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún rẹ́rìn-ín nínú ìsìn. Láti ìgbà yẹn ni àdúgbò ti sọ jíìpù náà lórúkọ. "Ẹyin" ni wọ́n ń pè é, nítorí bí ẹni tó ru ẹyin ni bàbá ṣe ń wà á.

Dísẹ̀lì ńkọ́? Bàbá kì í lọ sí ilé epo, nítorí ó ní àwọn tó ń ta epo máa ń fi ẹnu rọ́bà wọn ha ọkọ̀ lára. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń gbé e kiri nínú kẹ́ẹ̀gì ló ti ń rà á. Ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà, ọkùnrin yẹn àti Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kẹ́ jíìpù náà títí di oṣù kẹjọ, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Tó bá dúró lójú kan, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kó gun òkè, kò ní lágbára. Èéfín dúdú ń jáde nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná kan tó ní àwọ̀ epo pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú mọ́. Bàbá Ẹniọlá wo iná náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gé pílásítà tí wọ́n fi ń di ojú egbò, ó fi bò ó.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àmọ́ ní oṣù kọkànlá, Pà Osaretin, onílé wọn, sá aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ààfin sórí okùn ní ìdájí. Àwọn Akínfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ ìsìn, ẹ́ńjìnì náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe oore-ọ̀fẹ́, aṣọ funfun náà ti di aṣọ ọ̀fọ̀. Bàbá àgbà náà gbé e dání wá sẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Bàbá Ẹniọlá.

"Akin, see my cloth," ni Pà Osaretin wí. "Na so I go take enter palace?"

Bàbá Ẹniọlá bẹ̀ ẹ́ títí. Rẹ̀mílẹ́kún fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé iṣu ńlá mẹ́rin lé e. Onílé gba iṣu, àmọ́ ó ní òun kò gbọ́dọ̀ rí èéfín náà mọ́ nínú ọgbà òun, nítorí ikọ́ tó ń da òun láàmú ní àárọ̀, òun ti mọ ibi tó ti ń wá báyìí.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Àkàndé, mẹkáníìkì tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá pẹ̀lú wọn. Èèyàn dáadáa ni Àkàndé, kì í jalè, kì í purọ́ ọjọ́ tó máa parí iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù ló fi kọ́ṣẹ́, kò sì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ ti dísẹ̀lì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, ó mi orí. Ó rí ibì kan tí wọ́n ti mú páìpù láti ẹ̀yìn, níbi tí èéfín ń gbà jáde, padà wá sí iwájú níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó ní ẹ ò rí nǹkan bí. Ó ní èéfín tó yẹ kó máa lọ ló ń padà wálé yìí, òyìnbó tó ṣe é ti ṣe àṣìṣe.

Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ní agolo mílíìkì nílé. Wọ́n fún un. Ó gé ìdérí rẹ̀, ó lu ihò tí nọ́ọ̀tì máa gbà sí i létí, ó fi dí ojú páìpù náà, ó sì dè é padà. Ó ní ó parí.

Ẹ ò ní gbà á gbọ́, èéfín dúdú náà dín kù lóòótọ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, Bàbá Ẹniọlá ń rìn bí ẹni tó gba oyè. Ẹniọlá pè láti Jámánì, ó ní òun ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, òun ń bọ̀ wálé fún Kérésì, ní Saturday ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni òun máa bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Benin. Bàbá rẹ̀ ní jíìpù ni òun máa fi wá gbé e. Ó sọ fún ẹgbẹ́, ó sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ fún onígbàjámọ̀. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ọkàn òun ń mì, nítorí ọmọ náà máa bi òun léèrè iṣu.

Ṣé ìyẹn nìkan ni? Kò tíì di ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu kọ́-kọ́-kọ́ nínú ara rẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday tó ṣáájú Saturday tí Ẹniọlá máa dé, ọyẹ́ ti mú, eruku ń fẹ́. Bàbá Ẹniọlá ní kí wọ́n ti gbogbo gíláàsì pa kí eruku má baà wọlé sórí náílọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí ìyàwó òun jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnì lè gbóná, òun náà sì ń kí àwọn èèyàn níta fún bí ìdajì wákàtí. Bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Òòyì kọ́ ọ, èébì ń gbé e. Ọkọ rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrẹsì tí wọ́n jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí obìnrin náà bọ́ sílẹ̀ nílé, tó jókòó síta fún nǹkan bí wákàtí kan, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun náà gbà pé ìrẹsì ni.

Ní ọjọ́ Monday, jíìpù kò lè gun òkè kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn mọ́. Àkàndé tún wá, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì pa á dé jẹ́jẹ́ bí ẹni pa ojú òkú dé. Ó ní ẹ́ńjìnì ti kú. Ó ní òun mọ àwọn kan tó ń ra ọkọ̀ láti tú u, kí wọ́n jẹ́ kí òun pè wọ́n wá ní Thursday. Bàbá Ẹniọlá jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò lè jẹun. Ọkọ̀ tí òun kò fi gbé iṣu kan ṣoṣo láti oṣù kìíní, ọmọ máa dé ní Saturday wá bá egungun rẹ̀. Kí ni òun máa sọ? Ó káàánú ara rẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní eruku ni.

Ní ọjọ́ Tuesday, Rẹ̀mílẹ́kún ń ro ẹjọ́ yìí fún oníbàárà rẹ̀ kan ní ọjà Oliha. Yéwándé lorúkọ oníbàárà náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan nílùú náà, ó sì wà lára àwọn tó ń lọ káàkiri gáréèjì láti la àwọn onímọ́tò lọ́yẹ̀. Ó ń ṣa iṣu, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èéfín, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ pé orí fọ́ Rẹ̀mílẹ́kún nínú ọkọ̀, ó gbé iṣu sílẹ̀.

"Màámi, kì í ṣe ìrẹsì," ni Yéwándé wí. "Ẹ̀yin àti bàbá, ẹ má tún wọ inú ọkọ̀ yẹn mọ́ títí mo fi máa dé."

Ó dé ní àárọ̀ Wednesday, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó gbé àpótí irinṣẹ́ dání. Bàbá Ẹniọlá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá mẹkáníìkì gan-an ṣì ń bọ̀. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àkàndé náà wà níbẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó fẹ́ wo ohun tí ọmọ obìnrin yìí máa ṣe.

Yéwándé kọ́kọ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó rí pílásítà. Ó bi wọ́n pé ta ló fara pa. Ó ṣí i kúrò, iná pupa náà sì yọjú. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ sítíárì, ẹ̀rọ náà sì fi ibi tí àìsàn wà hàn án. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, tó sì fa nǹkan irin kan tó tó ìkúùkù jáde. Ìdérí agolo mílíìkì tẹ̀ lé e. Àárín rẹ̀ ti jó lu, àmọ́ etí rẹ̀ tó yọ síta ṣì ní àwòrán ìrù màlúù.

"Ta ló fi oúnjẹ ọmọdé sí ẹ́ńjìnì?" Yéwándé bi wọ́n.

Àkàndé wo ojú ọ̀run.

Yéwándé kò bá a jà. Ó pe gbogbo wọn súnmọ́ tòsí, títí kan Pà Osaretin tó ń wò láti fèrèsé, ó sì gbé irin náà sókè kí wọ́n rí i. Ó ní fáàfù EGR ni wọ́n ń pè é, àti pé ilẹ̀kùn kékeré lásán ni. Ó ní ẹ́ńjìnì ń mí bíi tiwa ni. Á fa atẹ́gùn tútù wọlé, á fi jó dísẹ̀lì, èéfín á sì gba sàléńsà jáde. Àmọ́ tí iná inú ẹ́ńjìnì bá gbóná jù, ó máa ń mú afẹ́fẹ́ burúkú kan jáde tó ń ta èèyàn lójú, tó sì ń ba àyà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi fi ilẹ̀kùn yìí síbẹ̀, kí díẹ̀ lára èéfín lè padà wọlé, kó bá atẹ́gùn tútù pò.

"Màámi, tí iná igi bá ń jó jù lábẹ́ ìkòkò yín, kí lẹ máa ń ṣe?"

Rẹ̀mílẹ́kún ní òun á bu eérú sí i díẹ̀.

"Ẹ ti gbà á. Èéfín tó ń padà wọlé yẹn ni eérú. Ó ti jó tán, kò lè jó mọ́, ó kàn ń mú kí iná rọlẹ̀ ni. Tí ẹ bá wá tẹ ọkọ̀ torí pé ẹ fẹ́ agbára, ilẹ̀kùn á pa dé, atẹ́gùn tútù nìkan lá máa wọlé. Òyìnbó ò ṣe àṣìṣe."

Àkàndé rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn eyín. Ó ní òun kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Yéwándé wá fi hàn wọ́n ohun tó ṣe ilẹ̀kùn náà. Èéfín dísẹ̀lì máa ń ní dúdú nínú, bíi ti ìdí ìkòkò. Tó bá bá ooru ọ́ìlì pò, á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ihò tó yẹ kó gba ìka méjì, pẹ́ńsùlù kò lè wọ ibẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn náà ti há sílẹ̀ ní ṣíṣí, kò lè pa dé, nítorí náà èéfín ló kún inú ẹ́ńjìnì ju atẹ́gùn lọ. Ó ní ìyẹn ló fà á tí ọkọ̀ kò fi lágbára, tó ń gbọ̀n, tó sì ń yọ èéfín dúdú. Nígbà tí wọ́n wá fi agolo dí i, ó di òdì kejì: kò sí eérú lórí iná mọ́, iná gbóná kọjá ààlà, ìyẹn ni kọ́-kọ́-kọ́ tí wọ́n ń gbọ́. Agolo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kò sì lè fara da iná, ó jó lu, ojú ibi tí wọ́n dè kò wá pàdé mọ́, èéfín ń jò sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, fáànù sì ń fẹ́ ẹ wọ inú ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ti gíláàsì pa.

Ó yíjú sí Bàbá Ẹniọlá. "Sà, afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín yẹn tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Orí fífọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, òòyì á tẹ̀ lé e. Ká ní ọ̀nà yín jìn ní ọjọ́ Sunday ni, màámi lè sùn lọ, kí wọ́n má jí mọ́."

Bàbá Ẹniọlá wo ìyàwó rẹ̀. Nítorí eruku orí náílọ́ọ̀nù ni òun ṣe ní kí wọ́n ti gíláàsì pa. Ojú tì í, àánú obìnrin náà sì ṣe é débi pé ó dì í lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo èèyàn, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó.

Ó wá bi Yéwándé, pẹ̀lú ohùn kékeré, pé kí ló dé tí ẹrẹ̀ dúdú fi kún ọkọ̀ tí òun ń kẹ́ tó báyìí. Òun kì í sá a, òun kì í tẹ̀ ẹ́, àràárọ̀ ni òun ń mú un gbóná.

"Àdúrà àárọ̀ yín máa ń tó ìṣẹ́jú mélòó, sà?"

"Ogójì. Lọ́jọ́ Sunday, wákàtí kan."

"Ẹ máa gbàdúrà lọ, sà. Àmọ́ ẹ pa ẹ́ńjìnì."

Pà Osaretin ṣe àmín láti fèrèsé.

Ó ṣàlàyé fún un pé ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tàbí tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni ilẹ̀kùn náà máa ń ṣí sílẹ̀ jù, ìgbà yẹn náà sì ni èéfín kì í gbóná tó láti jó dúdú inú rẹ̀ dànù. Ìṣẹ́jú kan ti tó kéèyàn tó gbéra, kó sì rọra wà á títí ara rẹ̀ á fi móoru lójú ọ̀nà. Ó fa díẹ̀ jáde nínú dísẹ̀lì tó wà nínú ọkọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀. Ó ní oúnjẹ tí wọ́n fún un kò dára, wọn kò sì jẹ́ kó ṣe eré ìdárayá rí.

Ó tó wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ fọ fáàfù náà, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha ihò páìpù títí irin rẹ̀ fi hàn. Àkàndé gan-an ló ha èyí tó pọ̀ jù, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń gbọ́. Wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí kì í jẹ́ kí èéfín jò sí i dípò agolo, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, wọ́n da dísẹ̀lì kẹ́ẹ̀gì nù, wọ́n sì lọ ra gidi ní ilé epo. Nígbà tí wọ́n tan ọkọ̀, iná pupa kú fúnra rẹ̀, láìsí pílásítà. Pà Osaretin gbé aṣọ ìnura funfun jáde, ó nà án sí ìdí sàléńsà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú méjèèjì, aṣọ náà ṣì funfun, ó sì gbé e wọlé.

"Ó ku nǹkan kan," ni Yéwándé wí, bó ṣe ń nu ọwọ́. "Ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ máa rin ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Jíà kẹrin, bí ọgọ́rin, pẹ̀lú ẹrù tó mọ níwọ̀n."

Rẹ̀mílẹ́kún yíjú wo ẹ̀yìn jíìpù. Ó wá béèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, "Ọ̀nà jíjìn bíi ibo?"

"Bíi Ifọ́n, màámi."

"Ẹrù bíi kí ni?"

"Ohunkóhun tó bá wúwo díẹ̀. Bíi iṣu."

Àwọn kan ní Yéwándé gbé iṣu méjì lọ sílé lọ́jọ́ náà lófẹ̀ẹ́. Èmi ò sí níbẹ̀, ẹ má bi mí.

Ní ọjọ́ Friday, Bàbá Ẹniọlá fi jíìpù gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ifọ́n. Ó kó náílọ́ọ̀nù dání, ó fẹ́ di iṣu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ìkejìlá, náílọ́ọ̀nù tán, àwọn àgbẹ̀ sì ti kóra jọ, wọ́n ń wò ó. Ó ní ó dáa, kí wọ́n máa kó o bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó wọ jíà kẹrin fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé jíìpù náà, ọkọ̀ náà sì fà wọ́n lọ geere, kò gbọ̀n, kò lu kọ́-kọ́-kọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Rẹ̀mílẹ́kún wọ bàtà rẹ̀ padà sẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Bàbá rí i, ó sì ń súfèé rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Saturday, wọ́n jọ dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹniọlá jáde, ó kúnlẹ̀, wọ́n dì mọ́ ọn, màmá rẹ̀ sunkún díẹ̀. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ dé ìdí jíìpù. Nígbà tó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí iyẹ̀pẹ̀ iṣu nílẹ̀, ó rí ìdì iṣu kékeré kan tí wọ́n gbàgbé sí igun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún dì mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Dádì, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ máa ṣe ohun tí mo sọ fún yín ní oṣù kìíní, pé kí ẹ máa fi gbé iṣu màámi."

Rẹ̀mílẹ́kún rọra yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Oṣù kìíní?"

Bàbá Ẹniọlá ti wọ inú ọkọ̀, ó ti tan ẹ́ńjìnì. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn nìkan ni ọkọ̀ náà gbéra láìgbóná rárá.

Ẹ̀yin onímọ́tò tó ń lo dísẹ̀lì, ẹ gbọ́. Ẹ má fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó máa kùn lójú kan ní àràárọ̀, pàápàá lábẹ́ fèrèsé ibi tí èèyàn ń sùn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa rin ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ́ńjìnì lè gbóná dénú. Ilé epo ni kẹ́ ẹ ti máa ra dísẹ̀lì, ẹ má rà á nínú kẹ́ẹ̀gì létí ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Tí iná pupa bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n, tí kò lágbára, tàbí tó ń yọ èéfín dúdú, ẹ wá ẹni tó mọ ọkọ̀ dísẹ̀lì, kó yẹ fáàfù EGR wò. Fífọ̀ lè tó o, tí kò bá sì tó, pípààrọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fi agolo dí i, ẹ gba agolo yín padà. Tí orí bá ń fọ́ yín nínú ọkọ̀, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ bọ́ sílẹ̀ síbi tí atẹ́gùn wà, tí kò bá sì lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má di ẹ̀bi ru ìrẹsì.

Àti èyí tó kẹ́yìn, tí Bàbá Ẹniọlá fúnra rẹ̀ ní kí n bá òun sọ fún àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀: tí ọmọ yín bá ní kẹ́ ẹ jíṣẹ́ fún ìyá òun, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ́ ẹ.